Nọ́ńbà Iwájú Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Lókè ilẹ̀kùn ilé bàbá wa ní Kémta, níbi tí àwọn ará ilé mìíràn máa ń gbé àwòrán ara wọn kọ́ sí, nọ́ńbà lọ́rì ni tiwa. Irin pẹlẹbẹ kan báyìí, etí rẹ̀ ti ká, ìpẹtà ti jẹ igun rẹ̀ kan. Àlejò tó bá kọ́kọ́ dé á wò ó, á wò wá, á sì rọra béèrè bóyá inú ilé ni a wà tàbí inú ọkọ̀. Bàbá á ní, "Ọkọ̀ ni. Ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan kó kún."

Bàbá ti ń wa lọ́rì kí wọ́n tó bí mi. Láti Lafẹ́nwá sí Èkó, láti Èkó padà sí Lafẹ́nwá, ó kó obì, ó kó gààrí, ó kó sìmẹ́ǹtì, ó kó ènìyàn. (Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń pe Bàbá ní "ó" yìí, kì í ṣe àfojúdi. Bí mo bá ń kọ "wọ́n, wọ́n", ẹ máa rò pé gbogbo èrò inú lọ́rì ni mò ń wí.) Kò ka ìwé kankan yàtọ̀ sí Kùránì, ìyẹn náà, orí ló fi ń kà á, kì í ṣe ojú. Ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà. Bí ọkọ̀ bá yọ lókèèrè, tí àwa ṣì ń wò ó pé àbí ewúrẹ́ ni, òun ti mọ ọ̀gá tó ni ín, ó ti mọ ẹni tó ń wà á, ó sì ti mọ gbèsè oúnjẹ tí dírẹ́bà náà jẹ ní gáréèjì.

Láàárọ̀, tó bá ti kírun tán, kó tó fi ẹnu kan nǹkan, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú lọ́rì rẹ̀, á fi etí bùbá rẹ̀ nu eruku kúrò lára nọ́ńbà iwájú. Ìyá wa pariwo títí nítorí bùbá yẹn. Aṣọ funfun, eruku pupa, ta ló fẹ́ fọ̀ ọ́? Bàbá kò gbọ́. Ti ẹ̀yìn, kì í nù ún. Òjò ló ń fọ ti ẹ̀yìn.

Mo bi í léèrè nígbà kan. Mo ní, "Bàbá, nọ́ńbà ẹ̀yìn kò kúkú ṣẹ̀ yín."

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ tó máa fẹ́ ọ ti ń sunkún níbi tó wà. Gbọ́. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kó tó dé. Bó bá ti kọjá lára mi tán, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?"

Lọ́rì náà ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Nígbà tí àwọn tó ń ra alókù irin wá gbé e, Bàbá fúnra rẹ̀ ló tú nọ́ńbà iwájú, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ọmọ tuntun, ó sì gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn. Wọ́n bi í pé ti ẹ̀yìn ńkọ́. Ó ní kí wọ́n máa gbé ìyẹn lọ.

Èmi, ìṣó ni mò ń tà. Ìṣó, àgádágodo, wáyà, bóòtù, ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń so nǹkan mọ́ nǹkan. Mo lọ sí ilé kéwú, mo lọ sí ilé ìwé díẹ̀, èyí tó kù, ọjà Lafẹ́nwá ló kọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti mọ èyí tí mò ń kọ yìí, ẹni tí kò bá lè kà á, kó fi í di ìṣó. Kò sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó ara mi títí àlùfáà fi dá ọ̀rọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò tíì rí ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ parí sí dáadáa.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Ìyá wa ti kú nígbà tí mò ń sọ yìí. Lọ́rì ló rán àbúrò mi nílé ìwé, ó kàwé débi pé ó ń fi èdè Òyìnbó sín. Ó rí iṣẹ́ sí Èkó, iṣẹ́ àwọn tó ń wọ táì. Ìgbà yẹn, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ sọ́jà ni, owó ṣì ń rìn nígboro. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń ta ọkọ̀ eré rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀tì káà. Àbúrò mi rà á.

Ọjọ́ kejì Iléyá ló gbé e wá. A kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó rí i, ó ń kùn bí ẹni tó ń họnrun. Ọkọ̀ pupa, ilẹ̀kùn méjì, ó lọ sílẹ̀ débi pé òkè ni àwọn ewúrẹ́ ilé wa gbé ń wo inú rẹ̀. Imú rẹ̀ nà lọ síwájú, ó rí pẹlẹbẹ bí ẹnu ẹja àrọ̀. Ó gùn lórí àwọn òkúta àdúgbò wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí aláboyún. Gbogbo ilé tú síta.

Mo ní, "Ṣé wọn ò tíì ṣe é parí ni wọ́n fi tà á fún ọ?"

Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ọkọ̀ yìí, ẹ ò ní tíì jókòó dáadáa tó fi máa dé Èkó."

Mo ní, "Tí mo bá wọlé, ta ló máa fà mí jáde?"

Bàbá jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó yí ọkọ̀ náà po. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ táyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lórí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ fún. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ìgbà tí àbúrò mi yege ìdánwò ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Nígbà tó wá dé iwájú, ó dúró. Ẹ̀rín náà gbẹ.

Ó ní, "Nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn, Bàbá."

"Mo ti rí ti ẹ̀yìn. Iwájú ni mo dúró sí."

Àbúrò mi ní, "Bàbá, wọ́n fún mi ní méjèèjì. Ti iwájú wà nínú búùtù. Kò síbi tí a máa kàn án mọ́ ni. Níbi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí, ti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń lò."

"Ṣé níbi tí wọ́n ti ṣe é lo ti ń wà á?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n bí a bá lu ihò sí imú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹwà rẹ̀ ti lọ."

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ, wá síbí." Mo wá. Ó di etí mi mú níwájú gbogbo ayé. "Èmi ni mo ní kí wọ́n lu ihò sí èyí, ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé ó bàjẹ́?"

Àbúrò mi wò mí. Ó ní, "Bàbá, etí kọ́ ló yẹ kí ẹ lu. Ẹnu wọn ló yẹ kí ẹ ti ní àgádágodo."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá ṣì dúró níwájú ọkọ̀ náà, kò sún.

Mo ní, "Kí la ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Mo ní ìṣó, mo ní bóòtù, mo ní wáyà. Ẹ jẹ́ n dé ṣọ́ọ̀bù."

Àbúrò mi fò síwájú ọkọ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ ilà fún ọmọ rẹ̀ tipátipá. "Àǹtí mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìṣó yín jókòó síbi tó wà!"

Bàbá ní, "Ó dáa. Gbé e kúrò níwájú ilé mi. Ọjọ́ tó bá ní nọ́ńbà níwájú, kó wá kọjú sí mi níbí, kí n kà á. Ìwọ, máa bọ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Òun ni mi ò fẹ́."

Ó rò pé òun ti pín àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè lé ọkọ̀ kí ẹ má lé òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá wá sílé, Òkè-Ìlèwó ló máa ń gbé e sí, níwájú báńkì, á bẹ ọlọ́dẹ, á wọ takisí wá sí Kémta. Á jókòó díẹ̀, á máa wo aago. Ọkàn rẹ̀ ń bẹ ní Òkè-Ìlèwó. Bàbá náà á máa wo bàtà rẹ̀ bóyá eruku wà lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì á máa bi ara wọn léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bí ìlera ṣe rí, bí àwọn àlejò tó pàdé níbi ìsìnkú. Nígbà tó yá, àárín wíwá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn.

Lẹ́yìn tó bá lọ, Bàbá á pè mí. "Ṣé ó ti fi sí i?"

"Kò tíì fi sí i."

"Sọ fún un pé mo béèrè."

Mo ń sọ fún un. Ó ní ọkọ̀ òun ni, òun kì í ṣe ọmọdé. Mo ní òtítọ́ ni, ọmọdé kì í ya wèrè tó bẹ́ẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ ra ọjà ní Èkó, àbúrò mi ní òun ń bọ̀ nílé, kí n wá. Àpótí àgádágodo mi kan ló gba gbogbo búùtù, nítorí náà ó yọ nọ́ńbà iwájú síta, ó ní kí n gbé e lé itan. Bí mo ṣe wọlé, ó dà bíi pé mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ilẹ̀ náà sì ń sáré. Àwọn lọ́rì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìdí táyà wọn ni mò ń rí. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a dé Wásinmi, àwọn ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé nọ́ńbà yẹn sókè síbi gíláàsì." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè síwájú àyà mi. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ wò mí láti ìta, ojú rẹ̀ kan ń pọ́n, èkejì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Nọ́ńbà iwájú ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni bọ́ńpà."

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín débi pé ó di ọkọ̀ mú. Ó pe èkejì rẹ̀ kó wá wo bọ́ńpà tó wé gèlè. Ó ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n kí àbúrò mi lọ kàn án mọ́ nǹkan kó tó tún gba ibẹ̀ kọjá, òfin ni, gíláàsì kọ́ ni àyè rẹ̀. Wẹ́dà kan tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kígbe sí wa pé, "Ọ̀gá! Mo lè ṣe é láìlu ihò kankan! Irin ni màá tẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án!" Àbúrò mi ní lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kan. Ó tẹ iná.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Bọ́ńpà! Ọmọ mi di bọ́ńpà!" Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wẹ́dà náà lè ṣe é láìlu ihò?"

"Ohun tó wí nìyẹn."

"Àbúrò rẹ kò dúró?"

"Kò dúró."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Ikọ́ tí a rò pé ikọ́ lásán ni kò lọ. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà lọ́rì rẹ̀, bí họ́ọ̀nù bá dún nísàlẹ̀ àdúgbò, á gbórí sókè. Bó bá rí i pé takisí ni, á sọ orí kalẹ̀. Mo ní kí n ránṣẹ́ sí Èkó. Ó kọ̀.

"Ọ̀nà ti bàjẹ́," ló wí. "Bó bá gbọ́ pé mò ń ṣàìsàn, ó máa sáré. Mo mọ ohun tí mo ti rí lójú ọ̀nà yẹn. Jẹ́ kí ara mi yá ná."

Ara rẹ̀ kò yá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń fi omi gbígbóná pa á lẹ́sẹ̀, ó ní, "Bí àbúrò rẹ bá dé, sọ fún un kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá síwájú ilé."

Mo ní, "Bí kò bá ní nọ́ńbà níwájú ńkọ́?"

"Bí kò tilẹ̀ ní."

Mo wò ó. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo fẹ́ ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?" Ó ti di ojú. Ó ní, "Ṣebí nítorí kí n lè mọ ẹni tó ń bọ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wù kí imú rẹ̀ rí."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ gbẹ̀yìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kí wọ́n tó pe ìrun, Bàbá ti lọ.

Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, òkú kì í sùn. Ìrun ọ̀sán ni wọ́n dá, kí wọ́n sin ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di pé báwo ni àbúrò mi ṣe máa dé bá a. Kò sí tẹlifóònù nílé wa, ṣùgbọ́n dírẹ́bà kan ní Lafẹ́nwá tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ ti fẹ́ gbéra lọ sí Èkó, ó sì mọ ilé àbúrò mi. Ó ní bí òun bá sáré, òun á bá a kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ fún un pé, "Sọ fún un pé Bàbá ti kú, ìrun ọ̀sán la máa sin wọ́n, kó má dúró gbé nǹkan kan."

Àbúrò Bàbá, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, fò dìde lórí ẹní. "Kí lo wí? Ṣé o fẹ́ pa òun náà ni? Ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, tó máa fi ọkọ̀ rìn, ẹ lọ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kú?"

Mo ní, "Bàbá Kékeré, bí a ò bá sọ fún un, kò ní yára."

"Á yára. Ẹ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ń pè é."

Mo ní, "Bàbá rẹ̀ ti pè é láti ọdún tó kọjá!"

Àwọn àgbà tó jókòó kọ háà. Bàbá Kékeré bojú wò mí, ó ní, "Ẹnu rẹ yìí, lónìí náà?" Àwọn tó kù gbà fún un. Èmi náà mọ̀ pé báyìí la ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe pe èmi náà láti ọjà nígbà tí Ìyá wa kú nìyẹn, wọ́n ní Ìyá ní kí n wá bá wọn wo ọbẹ̀. Mo ra ata bọ̀ lọ́nà. Nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń wí.

Bàbá Kékeré fa dírẹ́bà náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kọ́ ọ ní ohun tó máa wí. Kí ọmọ má baà fura, ó ní kó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Kó ní, "Bàbá ní kí o máa bọ̀ lónìí. Wọ́n ní kí o gbé ọkọ̀ rẹ dání, àwọn fẹ́ rí i." Dírẹ́bà náà lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ títí.

A wẹ Bàbá. A wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìrun ọ̀sán kọjá, àbúrò mi kò dé. Mo bẹ àwọn àlùfáà, mo kúnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á dúró di Alásárì. Mo lọ dúró sísàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí ọ̀nà ti yọ. Gbogbo ohun pupa tó bá ti ń bọ̀, màá nàgà wò ó. Ọ̀kan jẹ́ agbádá ọkùnrin kan lórí alùpùpù. Ọ̀kan jẹ́ tọ́mátò lórí obìnrin. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn ì bá fún mi lọ́rọ̀ sọ fún oṣù kan.

Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì tán, lèmọ́mù àdúgbò fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Oníṣòó, a ti ṣe tó. Ẹ jẹ́ ká mú wọn délé." Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá wa. Àwa obìnrin kò bá wọn dé ibẹ̀. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti rí i, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni mo rí, àti ọkọ́ tó ń lọ sókè sódò.

Wọ́n ti ń bu omi ṣan ọwọ́ nígbà tí họ́ọ̀nù dún.

Kì í ṣe họ́ọ̀nù ẹni tó ń sáré. Ó dún gígùn, ó tún dún, ó ń ṣeré, bí ti ọkọ̀ ìyàwó. Ọkọ̀ pupa yọ, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó gun òkúta wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dé iwájú ilé, ó yí padà, ó tún imú ṣe títí ó fi kọjú sí ẹnu ọ̀nà gan-an, sábẹ́ nọ́ńbà lọ́rì níbi tí Bàbá máa ń jókòó sí. Nọ́ńbà iwájú wà lára rẹ̀. Irin dúdú kan ló gbà á dúró láti abẹ́, kò sí ihò kankan lára ọkọ̀. Wẹ́dà Wásinmi kò parọ́.

Àbúrò mi bọ́ sílẹ̀. Ó wọ bùbá funfun àti fìlà, bí ìgbà tó ń lọ kí àna. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ̀dà. "Bàbá dà? Àǹtí mi! Ẹ bá mi pe Bàbá jáde! Ẹ ní kí wọ́n wá kà á!"

Ó wo ẹní tí wọ́n tẹ́ kiri. Ó wo búùtà tó tò sílẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré, tí erùpẹ̀ tútù bò títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ dúró sí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i.

"Ọ̀dà ló dá mi dúró. Mo ti ní kí n má ya ibì kankan, mo ní rárá, Bàbá ti pè mí, mi ò ní wá báyìí. Wẹ́dà ti ṣe tán tipẹ́. Mo ní kó kun irin náà. Mo ní kó jẹ́ kó gbẹ díẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa fi bùbá nù ún, mi ò fẹ́ kó ràn wọ́n láṣọ."

Bàbá Kékeré ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Bàbá rẹ ti sinmi."

Ó dì mọ́ mi. Kò pariwo. Ó di ìborùn mi mú ní ẹ̀yìn ọrùn bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tí mo bá pọ̀n ọ́n lọ sí odò. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń fọwọ́ pa.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń lọ, àwa méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ náà kọjú sí wa. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má parọ́ fún mi. Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà náà?"

Mo rí ohun tó ń bọ̀. Mo rí i kedere bí ìgbà tí Bàbá ń wo ọkọ̀ lókèèrè. Bí mo bá sọ ohun tí Bàbá wí, pé kó gbé e wá bí kò tilẹ̀ ní, àbúrò mi á mọ̀ pé irin yẹn, ọ̀dà yẹn, gbogbo ìdúró yẹn, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń retí nínú wọn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti pariwo lé Bàbá Kékeré lórí pé kí wọ́n sọ òótọ́.

Mo ní, "Wọ́n bi mí bóyá o ti fi sí i."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní o ti fi sí i."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó mi orí. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, ó sì fi etí bùbá rẹ̀ nu eruku ọ̀nà Wásinmi kúrò lára nọ́ńbà. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ dáadáa. Ó ràn án láṣọ.

Ọkọ̀ yẹn ti lọ tipẹ́, ó tà á fún ẹlòmíràn kí ọdún náà tó parí. Ìborùn mi ṣì wà nínú àpótí, àpá ọwọ́ méjì lára rẹ̀, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi karosíìnì fọ̀ ọ́. N kò tíì sọ òótọ́ fún un títí di òní. Ó mọ ìwé jù mí lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti jẹ́ ti Yorùbá, kì í kà á, ó ní àmì orí rẹ̀ ń dun òun lójú. Ìyẹn ni mo gbójú lé tí mo fi kọ ọ́.